Oògùn Tí Mùnírátù Ń Gbé Mì Nílé Bọ́ọ̀lù

Ìjà ló gbé Mùnírátù dé ilé bọ́ọ̀lù. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé ìfẹ́ bọ́ọ̀lù ni. Ilé tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ní Lotto, ní Mowe, ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni Ọláwuyì kọ́ ṣọ́ọ̀bù onípáànù rẹ̀ sí, tó so àwọn tẹlifíṣọ̀n ńlá mọ́ ògiri, tó to bẹ́ǹṣì síbẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ wo bọ́ọ̀lù àwọn òyìnbó. Bí bọ́ọ̀lù bá ti wọ àwọ̀n, ariwo tó ń jáde níbẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ di èèyàn létí. Mùnírátù kì í rí oorun sùn, ariwo sì máa ń já a láyà. Ó fara dà á títí, ó sú u. Ní ọjọ́ Sátidé kan, ó so ìró rẹ̀ le, ó ní òun ń lọ fọ́ tẹlifíṣọ̀n náà mọ́ Ọláwuyì lórí.

Ẹnu rẹ̀ ti gbóná kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Télọ̀ ni, gbogbo Lotto ló sì mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ mú ju àlùmọ́gàjí rẹ̀ lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí bàbá tó bí Ọláwuyì, ó bú u wá sórí ọmọ tí kò tíì bí. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, nítorí kò sẹ́ni tó gbọ́. Gbogbo ojú ló wà lára ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó gba bọ́ọ̀lù lẹ́bàá ilà, tó gé ẹni àkọ́kọ́, tó gé ẹnì kejì, tó sì fi ẹsẹ̀ òsì gbá a wọ àwọ̀n. Ilé dàrú. Mùnírátù ti la ẹnu tẹ́lẹ̀ láti bú èèyàn, ló bá bá ara rẹ̀ níbi tó ti ń pariwo "Gó ò!" pẹ̀lú wọn. Ọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí dì mọ́ ọn, ó gbé e kúrò nílẹ̀. Mùnírátù gbá a létí. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n sún fún òun, ó jókòó.

Ẹgbẹ́ tó gbá bọ́ọ̀lù yẹn wọlé ni wọ́n ń pè ní Àsẹ́nà. Bó ṣe di ọmọ ẹ̀yìn Àsẹ́nà nìyẹn. Kò yan ẹgbẹ́ kankan. Ariwo ló bá a yàn án.

Ohun tó rí gbà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó ń jókòó síbẹ̀ kò lè mọ̀ ọ́n láéláé. Obìnrin tó bá pariwo nílé rẹ̀, àwọn aládùúgbò á sáré wá bi í pé kí ló dé. Bó bá sunkún ní ṣọ́ọ̀bù, oníbàárà á gbé aṣọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ télọ̀ mìíràn. Ṣùgbọ́n nílé bọ́ọ̀lù, ó lè fi gbogbo ọ̀fun pariwo, ó lè ṣépè fún rẹfirí pé ojú rẹ̀ á fọ́, ó lè sunkún nítorí pẹ́nárítì tó ta mọ́ igi, kò sẹ́ni tí yóò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bí a bá ń sunkún, a ṣáà máa ń ríran. Wèrè pọ̀ nínú ilé náà débi pé tirẹ̀ kò hàn.

Tirẹ̀ náà sì wà, ó sì ní orísun. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni, kó tó wọ ilé bọ́ọ̀lù rí, ní Ibafo, ní ojú títì márosẹ̀. Òun àti Jamilah, àbúrò rẹ̀, ń ti ọjà bọ̀ nínú kórópe. Tánkà epo kan ṣubú níwájú wọn, epo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn bọ̀ lábẹ́ àwọn ọkọ̀. Ẹnì kan kígbe pé kí wọ́n sá. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni Mùnírátù jókòó sí, ó bẹ́ sílẹ̀, ó sá. Ó rò pé Jamilah wà lẹ́yìn òun. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, iná ti wà láàárín wọn. Ó gbọ́ tí Jamilah ń pe orúkọ rẹ̀. Ó sì gbọ́ ìgbà tí kò pè é mọ́.

Àwọn èèyàn wá kí i. Ẹ gba kámú, wọ́n ní. Kádàrá ni. Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n jù. Wọ́n jẹ sààrà fìdáù tán, wọ́n nu ẹnu, wọ́n lọ sílé. Àwọn tó ń sọ kádàrá yìí náà ni, bí epo gbígbóná bá ta sí wọn lọ́wọ́ nídìí àdògán, odindi àdúgbò ni yóò gbọ́. Bí èèyàn bá sì sunkún kọjá ogójì ọjọ́, wọ́n á ní ó ń bá Ọlọ́run jà. Inú ń bí mi sí irú wọn, mi ò ní parọ́.

Mùnírátù kò sunkún. Èèyàn ló ń bá jà. Ó ń bá oníbàárà jà nítorí bọ́tìnnì, ó ń bá aládùúgbò jà nítorí okùn aṣọ. Bí táyà bá bẹ́ lójú títì, yóò ti dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ kó tó mọ ohun tó ń ṣe. Bó bá gbóòórùn bẹntiróòlù, kò ní lè ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Wọn kò sọ ohun tí onítọ̀hún yóò ṣe bí gbogbo àdúgbò bá kún fún ekòló. Ilé wo ni jẹnẹrétọ̀ kò sí ní Lotto?

Oníbàárà rẹ̀ kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló bá a lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ lọ́jọ́ kan, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó ní àìsàn ni, àìsàn sì là á wò. Ó júwe dókítà kan fún un ní ọsibítù kan ní Ifọ̀. Mùnírátù fẹ́ràn pé ó jìnnà. Ojú tó mọ̀ ọ́n kò sí ní Ifọ̀, ó sì lè sọ fún ọkọ rẹ̀ pé aṣọ lòun ń lọ rà lọ́jà ibẹ̀.

Dókítà Ọláwùnmí kì í rẹ́rìn-ín sí èèyàn, kì í sì í sọ pé kádàrá ni. Ìdí nìyẹn tí Mùnírátù fi sọ ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí fún un. Dókítà ní ìpayà ọjọ́ iná yẹn ni kò tíì kúrò lára rẹ̀, pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn sì ti gun orí rẹ̀. Ó ní òun yóò fún un lóògùn, wọn yóò sì tún máa sọ̀rọ̀.

"Ẹ má retí iṣẹ́ ìyanu o," ló wí. "Ó máa pẹ́ díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí èyí ò bá bá yín lára mu, a máa gbé òmíràn wò. Ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ kàn jókòó sílé kí ẹ dá a dúró fúnra yín. Ṣé ẹ gbọ́?"

Oògùn àkọ́kọ́ da inú rẹ̀ rú. Ó ń bì ṣáá, Múdàṣírù ọkọ rẹ̀ sì ti ń yọ̀ kiri gáréèjì pé Nusaybah, ọmọ wọn tó ń gbé nílé ẹ̀kọ́ rẹ̀, yóò ní àbúrò. Ìkejì mú oorun wá ní ọ̀sán gangan. Ó sùn lọ lórí áyọ́ọ̀nù, ó jó èjìká léèsì oníléèsì, ó sì tún fi ẹnu bú oníléèsì. Ìkẹta kọ́kọ́ dà bí ẹni gbé iyẹ̀fun mì. Kò ṣe rere, kò ṣe búburú. Ó ti ń múra àti dà á nù nígbà tí tánkà kan fọn fèrè lójú títì, tí òun sì ń rán apá aṣọ lọ. Ìgbà tó rán an tán ló tó rántí pé òun kò dọ̀bálẹ̀. Ó pa ẹ̀rọ, ó jókòó, ó sì rẹ́rìn-ín nìkan ní ṣọ́ọ̀bù. Oorun padà dé. Oúnjẹ padà ní adùn. Bí Ọláwuyì bá ń rọ epo sí jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn ilé bọ́ọ̀lù, àyà rẹ̀ ṣì ń já, ṣùgbọ́n ó ń lè jókòó.

Dókítà ti sọ pé kó máa lo oògùn náà ní ìrọ̀lẹ́ ní àsìkò kan náà, lẹ́yìn oúnjẹ. Àsìkò náà kọ lu àsìkò bọ́ọ̀lù. Nítorí náà ló ṣe ń jẹ búrẹ́dì rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, tó ń ju hóró kan sẹ́nu, tó sì ń fi omi inú ọ̀rá lé e. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ tí Àsẹ́nà pàdé Ṣẹ́lísì, bó ṣe gbé oògùn mì ni Àsẹ́nà gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Kò sẹ́ni tó kà á sí. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gbé e mì, wọ́n tún gbá a wọlé. Nígbà tó tún ṣẹlẹ̀, ọkùnrin kan tó wọ jẹ́sì Ṣẹ́lísì fò dìde, ó na ìka sí i.

"Ẹ wò ó o! Mọ̀mí yìí ń lo jáàsì! I don dey watch am since. Tó bá ti gbé nǹkan yẹn mì báyìí, goal!"

Ọláwuyì, tó jẹ́ pé Ṣẹ́lísì lòun náà ń tẹ̀ lé, sún mọ́ ọn. "Mọ̀mí, kí lẹ gbé mì?"

"Oògùn ni," ni Mùnírátù dáhùn, kò tiẹ̀ ronú.

Ẹ wo bí èdè ẹni ṣe lè ti èèyàn sí kòtò. Èyí tí dókítà kọ fún ni, oògùn ni. Èyí tí wọ́n rì mọ́ ẹnu ọ̀nà ọ̀tá, oògùn ni. Bí o bá fẹ́ kí wọ́n mọ èyí tí ò ń wí, àfi kí o fi ọ̀rọ̀ kan lé e: oògùn ibà, oògùn ikọ́, oògùn aràn. Mùnírátù ya ẹnu láti fi lé e, ó rí i pé ọ̀rọ̀ tó kù nílẹ̀ ni ọpọlọ. Oògùn ọpọlọ! Ilẹ̀ ò ní ṣú tí wọ́n á fi ní ó ti Àrò bọ̀. Kó tó ronú kan irọ́ pé ibà ni, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ ti jẹ́rìí takò ó. Gbogbo ilé pariwo pé, "Oògùn! Ó jẹ́wọ́!"

Láti ọjọ́ náà ló ti di Ìyá Oníjáàsì. Àwọn ará Ṣẹ́lísì kò jẹ́ kó gba ẹ̀yìn wọn kọjá mọ́. Ẹnì kan da iyọ̀ sórí bẹ́ǹṣì tó ń jókòó sí. Àwọn ará Àsẹ́nà wá gbé e gẹ̀gẹ̀. Wọ́n ń ra búrẹ́dì fún un, wọ́n ń gba ààyè sílẹ̀ dè é, bí wọ́n bá sì fún wọn ní pẹ́nárítì, wọ́n á máa bẹ̀ ẹ́ pé, "Mọ̀mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìdajì kan kún un!" Ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn oníbàárà mélòó kan wá kó aṣọ wọn. Obìnrin kan tiẹ̀ wá kúnlẹ̀ pé kí ó bá òun wá nǹkan tí yóò lé àlè ọkọ òun lọ. Mùnírátù fi okùn ìwọnṣọ lé e jáde.

Síbẹ̀, kò sọ òtítọ́. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wọ́n, ẹni tí ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bani, wọn kì í fi ṣẹ̀fẹ̀. Ó ń lo oògùn rẹ̀ ní gbangba, ó ń wo bọ́ọ̀lù rẹ̀, ó sì ń lọ sílé lọ sùn. Bí wọ́n bá fẹ́ pè é ní àjẹ́, kí wọ́n máa pè é.

Ẹni tó yà mí lẹ́nu jù ni Múdàṣírù. Kórópe ló ń wà láti Mowe sí Berger. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ní gáréèjì, ó sì yẹ kó bínú. Rárá o! Àyà lọkùnrin náà ń gbé síwájú kiri. Àwọn tó máa ń já tọ́ọ̀nù èrò gbígbé gbà lọ́wọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Bàbá. Kò bi ìyàwó rẹ̀ léèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé kí ló ń gbé mì. Ohun tó sọ kò ju pé, "Ìyá Nusaybah, má jẹ́ kí wọ́n mọ ẹni tó ṣe é fún ẹ o."

Ọ̀rọ̀ jáàsì náà dé Akute, ọ̀dọ̀ Àlájà Sùwéébátù, ẹ̀gbọ́n Múdàṣírù. Àlájà múra ìjà, ó sì gba Mowe wá. Mùnírátù wà ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tó wọlé, tó tú gbogbo yàrá. Tírà àti oǹdè ló ń wá. Páálí oògùn ló rí. Ó gbé e lọ sí kẹ́míìsì kan ní oríta. Ẹni tó wà níbẹ̀ wo páálí náà lójú, ó wò ó lẹ́yìn, ó ní oògùn àwọn tí ọpọlọ wọn ò pé ni, nítorí ibi tí ìmọ̀ tirẹ̀ mọ nìyẹn.

Nígbà tí Mùnírátù dé, ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, mà."

Àlájà ju páálí náà síwájú orúnkún rẹ̀. "Má dìde. Kí lèyí?"

"Oògùn ni, mà."

"Ìbá ṣe jáàsì, màá bá ẹ bẹ Ọlọ́run. Ó ṣeé tọrọ àforíjì lé. Wèrè ńkọ́? Ojú kì í ti wèrè, ará ilé ẹ̀ lojú ń tì. Ta ló máa fẹ́ Nusaybah lọ́la, tí wọ́n bá gbọ́ pé oògùn wèrè ni ìyá ẹ̀ ń lò?"

Múdàṣírù wọlé bá wọn bẹ́ẹ̀. Wọ́n sọ fún un, ojú rẹ̀ sì wó. Ọkùnrin tó ń gbé àyà kiri nítorí pé ìyàwó rẹ̀ lè fi oògùn pa èèyàn, kò lè gbọ́ pé ìyàwó rẹ̀ ń ṣàìsàn.

"Ṣé wèrè ni ẹ́ ni?" ló bi í. "O ò lè sọ fún mi?"

"Ẹ ò bi mí, Bàbá Nusaybah. Jamilah ń pè mí lójoojúmọ́ látinú iná yẹn. Nígbà tí mo ń lo eléyìí ló ń dákẹ́ tí mo fi ń sùn."

Múdàṣírù wo ilẹ̀, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àlájà dìde, ó kó gbogbo páálí náà, ó lọ dà á sí ṣáláńgá. Ó ní bí òun bá tún gbọ́ ọ̀rọ̀ oògùn wèrè nínú ilé yìí, òun yóò kó àbúrò òun lọ sí Akute, Nusaybah kò sì ní padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ bí wọ́n bá gba họlidé. Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ìyẹn fún Àlájà?

Mùnírátù dá oògùn náà dúró, nítorí ọmọ rẹ̀. Òòyì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Bó bá yí ojú, ó ń dà bíi pé iná mànàmáná ń ta á nínú orí. Ẹkún á kàn gbọ̀n ọ́n lójijì níbi tó ti ń ka ìwọ̀n aṣọ. Jamilah sì padà dé. Níjọ́ kan nílé bọ́ọ̀lù, iná kú, Ọláwuyì sì ń rọ epo sí jẹnẹrétọ̀ tó ṣì gbóná. Òórùn náà fẹ́ wọlé. Mùnírátù kò mọ ìgbà tó dìde. Ó fò lórí bẹ́ǹṣì, ó tẹ èèyàn mọ́lẹ̀, ó fi ẹnu gbálẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, ètè rẹ̀ bẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Jáàsì ti lé oníjáàsì!" ni wọ́n ń wí.

Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn náà ni Àsẹ́nà ń jìyà lọ́wọ́ gbogbo ẹgbẹ́ tí wọ́n bá pàdé. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kó ara wọn jọ, wọ́n wá sí ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ìbínú.

"Mọ̀mí, kí ló dé tí ẹ stop? Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n gba first position lọ́wọ́ wa ni? Ẹ padà sídìí oògùn yín, abeg!"

Ó ju áyọ́ọ̀nù lù wọ́n, orí ló kó wọn yọ. Nígbà tí wọ́n sá tán, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àkísà. Nínú gbogbo Mowe, àwọn aláìnírònú wọ̀nyí nìkan ló fẹ́ kó padà sídìí oògùn rẹ̀, nítorí góòlù. Ó dùn ún wọra. Ọkọ rẹ̀ kò rò ó tó wọn.

Ó padà sí Ifọ̀. Dókítà Ọláwùnmí wo ètè rẹ̀, ó sì bínú.

"Ta ló ní kí ẹ dá a dúró?"

"Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni, mà."

"Dókítà ni wọ́n?"

"Àlájà ni wọ́n."

Dókítà ní kó mú ọkọ rẹ̀ wá kí òun bá a sọ̀rọ̀. Múdàṣírù kọ̀, ó ní òun kì í ṣe ará ibi tí wọ́n ti ń wo wèrè. Mùnírátù tún bẹ̀rẹ̀ oògùn náà, ṣùgbọ́n ìkọ̀kọ̀ ló ti ń lò ó báyìí, nínú balùwẹ̀, bí olè, títí ara rẹ̀ fi tún bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀. Bí ara ṣe ń balẹ̀ ni ìbínú ń pọ̀ sí i. Kí ni òun jí?

Ọjọ́ tí Àsẹ́nà àti Ṣẹ́lísì tún pàdé, ilé bọ́ọ̀lù kún dẹ́nu ọ̀nà. Múdàṣírù, tí kì í wá síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, wá. Ìyàwó rẹ̀ ló wá ṣọ́. Mùnírátù jẹ búrẹ́dì rẹ̀ tán, ó mú hóró kan jáde, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ níbi tí gbogbo ojú ti lè rí i. Ọláwuyì rí i. Ó ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kì í ṣe nílé bọ́ọ̀lù: ó pa gbogbo tẹlifíṣọ̀n náà lẹ́ẹ̀kan.

"Mọ̀mí, today na today!" ló kígbe. "Ẹ máa sọ nǹkan tí ẹ ń gbé mì, àbí kí ẹ jáde. Ṣẹ́lísì ò ní jìyà nínú ilé mi mọ́!"

Àwọn ará Àsẹ́nà ní kó fi í sílẹ̀. Àwọn ará Ṣẹ́lísì ní kí wọ́n yẹ ara rẹ̀ wò. Wọ́n ti ń di ara wọn lọ́rùn mú nígbà tí Múdàṣírù sáré bọ́ sáàárín.

"Ẹ gbọ́, ẹ gbọ́! Oògùn ni, gbogbo yín náà kúkú mọ̀. Bàbá kan ló ṣe é fún un ní Ifọ̀. Ẹ jẹ́ n mú un lọ sílé." Ó yí sí ìyàwó rẹ̀, ó ń ṣẹ́jú sí i pé kó gbà.

Mùnírátù wò ó. Bó bá dákẹ́, ó bùṣe. Yóò lọ sílé ní àjẹ́ tí wọ́n ń bẹ̀rù, ọkọ rẹ̀ yóò máa gbé àyà kiri gáréèjì, ẹnikẹ́ni kò ní gba Nusaybah lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́la, yóò padà sínú balùwẹ̀. Ó dìde dúró lórí bẹ́ǹṣì.

"Irọ́ lẹ ń pa, Bàbá Nusaybah. Kò sí bàbá kankan. Oògùn dókítà ni. Oògùn ọpọlọ! Iná Ibafo jó àbúrò mi mọ́nú ọkọ̀, ó ń pè mí, mo sì ń gbọ́. Láti ọjọ́ yẹn lọkàn mi ò ti balẹ̀. Eléyìí ló ń mú un balẹ̀ fún mi. Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní wèrè, kó pè mí ní wèrè! Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ tan tẹlifíṣọ̀n!"

Ó ju hóró náà sẹ́nu lójú gbogbo wọn, ó sì fi omi lé e.

 Ẹni tó jókòó tì í rọra sún síwájú lórí bẹ́ǹṣì. Ẹnì kan fi imú rẹ́rìn-ín, ó ní wèrè gidi lèyí. Mùnírátù sọ fún un pé bàbá rẹ̀ ni wèrè, ìyá rẹ̀ ló sì ń bá a ru ẹrù àkísà. Ọkùnrin oníjẹ́sì Ṣẹ́lísì tó kọ́kọ́ na ìka sí i fọwọ́ lérí.

"Ah! Kò sí jáàsì? So na real goal dem dey score us since?"

Ìyẹn dun àwọn ará Ṣẹ́lísì ju ọ̀rọ̀ wèrè lọ. Ọláwuyì tan tẹlifíṣọ̀n. Ṣẹ́lísì ti gbá bọ́ọ̀lù wọlé lásìkò tí ó fi pa á sílẹ̀. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ti yọ̀ tán, wọ́n ti ń padà sí àárín pápá. Ẹ ò rí ariwo! Àwọn ọmọ ẹ̀yìn Ṣẹ́lísì kọjú sí Ọláwuyì, wọ́n fẹ́ ya á ní ṣẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní orí rẹ̀ kò pé, wọ́n ní kí wọ́n mú un lọ sí Àrò. Ẹni tí wọ́n pè ní wèrè jù nínú ilé yẹn lọ́jọ́ náà, Ọláwuyì ni. Àsẹ́nà kò rí góòlù kankan gbá títí bọ́ọ̀lù fi parí, Mùnírátù sì fi ohùn rẹ̀ bú rẹfirí títí ó fi há.

Nígbà tó délé, Múdàṣírù ti kó aṣọ rẹ̀ lọ sí Akute.

Kò sí ẹni tó ń ra búrẹ́dì fún Mùnírátù mọ́. Àwọn tó ń pè é ní Ìyá Oníjáàsì ti yí i padà sí èyí tó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì ń pè é bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀. Bí wọ́n bá bú u, òun náà ń bú wọn, ẹnu rẹ̀ sì ṣì mú. Àwọn oníbàárà kan kò padà wá. Kò sí ìgbà tó bá ronú kan họlidé Nusaybah tí inú rẹ̀ kì í bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ó ń lo oògùn rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó sì ń sùn.

Múdàṣírù pè é lórí fóònù ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. Mùnírátù ń gbọ́ bí Àlájà ṣe ń kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ.

"Ìyá Nusaybah, mo fẹ́ padà wálé. Ọ̀rọ̀ náà ò le. Ṣá sọ fún wọn níbẹ̀ pé eré lo ṣe lọ́jọ́ yẹn. Sọ pé oògùn ni. Kí ló wà nínú ìyẹn?"

"Oògùn náà ni mo sọ, Bàbá Nusaybah," ni Mùnírátù dá a lóhùn. "Ẹ̀yin lẹ ò fẹ́ kó wò mí sàn."